Kásẹ́ẹ̀tì Ọjọ́ Ìbí Débọ́lá

Ẹ má bá mi jiyàn lórí fíìmù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Mo ti ń wò wọ́n láti kékeré nílé bàbá mi, mo sì mọ èyí tó dáa yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń pariwo. Àwọn ti àtijọ́ ni mo fẹ́ràn, àwọn aláwọ̀ dúdú àti funfun, torí wọn kì í kánjú. Èyí tí ọ̀daràn rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú nígbà tí fíìmù fẹ́ parí, ìrẹ́jẹ ni. Ẹni tó bá sì tètè jẹ́wọ́, òun kọ́ ló ṣe é. Bọ̀wálé, ọkọ mi, máa ń ní ó yẹ kí n lọ gbaṣẹ́ ọlọ́pàá ní Kétu.

Mi ò sì gbà kí ìpolówó ọjà ba fíìmù mi jẹ́. Tí mo bá ń gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì, n ó jókòó ti fídíò, ìka mi á wà lórí bọ́tìnì. Bí ìpolówó bá dé, n ó dá a dúró. Bó bá lọ, n ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́lòmíì tó ní sùúrù yẹn nílé wa ní Ìkòsí.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, Débọ́lá. Ibà gbé e lọ nígbà tó ku oṣù kan kó pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Fọ́tò rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń rìn, tó ti ń sọ̀rọ̀, inú kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́ ìbí ọdún mẹ́ta rẹ̀ nìkan ló wà. Ìdí ìkòkò ìrẹsì ni mo wà lọ́jọ́ náà, mi ò rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọdún méjì ni mi ò lè wò ó. Lọ́jọ́ tí mo ṣọkàn gírí tí mo fi í sí fídíò, ọkùnrin kan tó dé fìlà ló yọ, ó ń tọpa apànìyàn nínú òjò.

Mo ké débi pé àwọn aládùúgbò sáré wọlé.

Ẹni tó ya fídíò náà ti ṣẹ́ ike kékeré etí kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé e. Ẹnì kan ti fi sẹ́lótéèpù dí ojú ibẹ̀, kí fídíò lè tún gba nǹkan lé e. Súmbọ̀, àbúrò ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ló máa ń fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé. Mo bi í.

"Aunty, èmi ni mo lẹ̀ ẹ́." Kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Mo lé e. Bọ̀wálé bá a gbé àpò rẹ̀ dé Ìṣẹ̀rí Olówóòrá, kò sì sọ ohunkóhun fún mi. Fún ọdún méjì, mi ò jẹ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ létí mi.

Ọ̀sán Sátidé kan lọ́dún 2006, mo ní kí n wo fíìmù tó gba ipò ọmọ mi. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ da ìbéèrè bo obìnrin onílé kan, ó jáde, àwòrán fò díẹ̀, fíìmù ń lọ. Ó tún fò. Nígbà tó fò lẹ́ẹ̀kẹta, mo dá a dúró. Orí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti gbà á, kò sì sí ìpolówó kankan nínú rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rántí. Kásẹ́ẹ̀tì òfìfo ti tán, fíìmù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Débọ́lá jókòó síbi ẹsẹ̀ mi, ó ń jẹ bisikíìtì. Mo mú èyí tó wà lókè, mo ní kí Súmbọ̀ bá mi dí i.

"Aunty, birthday Débọ́lá ló wà nínú ẹ̀ o."

"Òmíràn ń bọ̀," mo ní. "A máa ya ìyẹn náà."

Mo bá Bọ̀wálé níta, níbi tó ti ń fọ mọ́tò. "Ẹ mọ̀ pé èmi ni?"

Ó tẹjú mọ́ àkísà ọwọ́ rẹ̀. "Súmbọ̀ ló bẹ̀ mí kí n má sọ. Ó ní ọmọ ti lọ, tí o bá tún wá mọ èyí, ó máa pa ẹ́."

Mo pe Súmbọ̀ lórí fóònù. Mo ní mo ti mọ̀ pé èmi ni.

"Ta ló sọ fún yín, Aunty?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo wò ó ni."

Ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo bi í ni bí Débọ́lá ṣe ṣe lọ́jọ́ ìbí náà, torí orí itan rẹ̀ ni ọmọ jókòó sí.

"Ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò yẹn ló wọ̀," ó ní. Ó ti ń sunkún. "Kò jẹ́ ká gé kéèkì, Aunty. Ó ní àfi tí Mummy òun bá dé."

Mo ní kó máa bá a lọ.