Omi Tí Wọ́n Ní Ó Mọ́

“Ẹ má ká a. Ẹ nà án dáadáa kí gbogbo wa jọ rí i.”

Kí alágbàfọ̀ tó dáhùn, Ìyá Tíṣà ti fúnra rẹ̀ tẹ́ ẹ̀wù náà sórí tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ. Funfun báláú ni nígbà tó gbé e wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ní báyìí, àbàwọ́n pupa ti gba gbogbo àyà rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi irin tó dógùn-ún nù ún. Obìnrin náà ti ìka bọ abẹ́ apá ẹ̀wù, ìka sì yọ lódì kejì.

“Kòkòrò ò jẹ ẹ́ nílé mi, eku ò jẹ ẹ́. Ọ̀dọ̀ yín ló ti já.”

Alágbàfọ̀ gbé ẹ̀wù náà súnmọ́ ojú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Irọ́ ni. Òun ló lọ̀ ọ́ lánàá, ó sì ti rí àbàwọ́n náà kedere; ìdí nìyẹn tó fi ká a sínú.

“Ẹ má bínú, Ìyá Tíṣà. Màá wá ìdí ẹ̀.”

“Ẹ tètè wá a o. Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀ padà wá, bó sì ṣe ń lọ yìí, èmi kọ́ ni màá gbẹ̀yìn.”

Òótọ́ ló sọ. Òun ni ìkẹta lọ́sẹ̀ yẹn. Ọdún mọ́kànlélógún ni ọkùnrin náà ti ń fi omi kànga tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ fọ aṣọ. Ó ti fọ aṣọ ìgbéyàwó, ó ti fọ aṣọ àwọn dókítà, kò sí ẹni tó ju aṣọ sí i lójú rí. Nígbà tí Ìyá Tíṣà jáde tán, kò wo kànga. Ìdí fèrèsé ló lọ, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí i, ó sì tẹjú mọ́ obìnrin tó tẹ̀ sórí bàsíà ní ẹ̀yìnkùlé.

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ni. Àbúrò náà ti kú láti bí ọdún kan ààbọ̀, obìnrin náà àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré sì ń gbé nínú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Alágbàfọ̀ máa ń sọ fáwọn èèyàn pé òun lòun ń bọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ tí obìnrin yìí ti dé, ọwọ́ rẹ̀ kò kan omi mọ́. Aṣọ lílọ̀ nìkan ló kù tó ń ṣe. Obìnrin náà ló ń fa omi lókè kànga, òun ló ń fọ aṣọ, òun ló ń ṣàn án, òun ló ń sá a.

“Mo ti ń wí tipẹ́,” ni ìyàwó rẹ̀ sọ láti ibi tó ti ń rán bọ́tìnnì. “Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.”

“Mi ò tíì sọ pé òun ni.”

“Kí lẹ wá ń wò lójú fèrèsé?”

Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ó fi èékánná sàmì sára ọṣẹ kó lè mọ èyí tó dín. Ó so òwú mọ́ ọrùn ìgò bílíìṣì. Bí obìnrin náà bá lọ sílé ìtajà, á yẹ àpò rẹ̀ wò nígbà tó bá padà dé, á ní ẹ̀pa lòun ń wá. Kò rí nǹkan kan. Ọṣẹ ò dín ju bó ṣe yẹ lọ, òwú ọrùn ìgò ò sì já. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìfura ti gùn lẹ́yìn kì í sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bọ̀rọ̀. Bí ọṣẹ ò ti dín, ó ní àṣé kì í fi ọṣẹ fọ aṣọ náà kó kúnná ni. Bí òwú ò ti já, ó ní àṣé ó mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ òun.

Níjọ́ kan, obìnrin náà na ọwọ́ láti gba ẹrù aṣọ, alágbàfọ̀ sì rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Awọ ti bó láàárín àwọn ìka. Àwọn ibì kan pọ́n yòò bí ẹran tútù.

“Kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?”

“Omi ni, Bọ̀dá. Omi kànga yìí ń ta mí bí ata. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ fún yín, mo ní kẹ́ ẹ má lọ rò pé mò ń sá fún iṣẹ́ ni.”

“Kànga tí bàbá mi gbẹ́? Omi tá a mu dàgbà?”

“Ti bàbá kọ́ o. Láti ìgbà tí àwọn ará òkè yẹn ti dé ni.”

Kò na ìka, ojú ló kàn gbé sókè. Lórí òkè tó wà lẹ́yìn ilé wọn ni ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń tú bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, tó ń yọ ohun inú rẹ̀ kí wọ́n lè tún un lò. Wọ́n ya ewé tútù ńlá kan sára ògiri wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé: A Ń TỌ́JÚ AYÉ DE ÀWỌN ỌMỌ WA. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, awakọ̀ wọn máa ń já ẹrù aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàfọ̀, ẹrù tó tóbi ju ti gbogbo àwọn oníbàárà yòókù pọ̀ lọ.

“Má jẹ́ kí n tún gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ,” ni ọkùnrin náà wí.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún. Ó gba ọ́fíìsì wolé-wolé lọ lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe pé ó fura sí omi. Ó fẹ́ ìwé tí yóò fi pa obìnrin náà lẹ́nu mọ́ ni. Lọ́jọ́bọ̀, wolé-wolé dé, ọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní, tó wọ bàtà tó ń dán. Ó fa omi sínú ìgò méjì, ó dé wọn, ó kọ nǹkan sára wọn, ó sì lọ. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ó ti padà dé pẹ̀lú èsì.

“Omi yín mọ́ ju èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò lọ. Ta ló ń fọ aṣọ fún yín?”

“Ìyàwó àbúrò mi ni.”

“Ṣé ó kọ́ iṣẹ́ yìí níbì kan ni?”

“Rárá. Ojú aláàánú ni mo fi gbà á.”

Wolé-wolé mi orí. Ó kọ̀wé díẹ̀, ó sì yí ìwé náà sí i: àìmọṣẹ́ òṣìṣẹ́ ni ó ń ba aṣọ jẹ́, kànga kò ní àléébù. “Ẹ bá wa buwọ́ lù ú, kí a lè pa fáìlì dé.”

Alágbàfọ̀ buwọ́ lù ú. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ bí ti ẹni tí adájọ́ dá láre. Kò tilẹ̀ ka ìwé èsì omi tí wọ́n fà lé e lọ́wọ́. Ó ká a, ó tì í bọ àpò, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

“Ìyàwó, wọ́n ti yẹ omi wò. Kò sí nǹkan tó ṣe é.”

Obìnrin náà nàró. Omi ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó ti bàsíà náà díẹ̀ síwájú ọkùnrin náà.

“Bọ̀dá, ẹ ti ọwọ́ yín bọ̀ ọ́.”

Alágbàfọ̀ wo omi náà. Ó dá ṣáká, èèyàn lè rí ìdí bàsíà. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

“Ṣé ẹjọ́ lò ń bá mi ṣe ni? Palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́.”

Kò bẹ̀ ẹ́. Ó ṣan aṣọ tó wà nílẹ̀ tán, ó sá a, lẹ́yìn náà ló di ẹrù rẹ̀. Yàrá kan ló lọ gbà nísàlẹ̀ òkè, nídìí ibi tí gbogbo omi àdúgbò ń ṣàn lọ. Ọmọ rẹ̀ ló gbé ìkòkò lé orí, nítorí pé àtẹ́lẹwọ́ ìyá kò lè di nǹkan tó le mú mọ́.

Alágbàfọ̀ wá káwọ́ aṣọ sókè, ó jókòó ti bàsíà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún kan ààbọ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ọwọ́ rẹ̀ yún un. Lọ́jọ́ kejì, ó ń ta á. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ṣí ilẹ̀kùn. Aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ fi ọṣẹ gidi fọ̀, tó ṣàn lẹ́ẹ̀mẹta, gbẹ tán lórí okùn pẹ̀lú àbàwọ́n pupa kan náà.

Ìgbà náà ló tó wá ìwé èsì jáde látinú àpò. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sí òkè. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wá fa omi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kan náà ló wà lórí ìwé. Wọ́n ti kọ èsì sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì kí ìgò tó kan omi.

Ó fi han ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà wò ó pẹ́, ó wá wo ẹrù aṣọ iṣẹ́ tí awakọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀.

“Ẹ pa ẹnu yín mọ́,” ló wí wúyẹ́wúyẹ́. “Ṣé àwa nìkan là ń pọnmi ládùúgbò yìí ni?”

Ó sì pa ẹnu mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ méjì fi kọjá. Ìfura tó ti kó lé ìyàwó àbúrò rẹ̀ lórí tẹ́lẹ̀ padà wọlé wá bá a. Bí wolé-wolé bá gba iwájú ilé kọjá, á rò pé ó mọ̀ pé òun ti ka ìwé. Bí awakọ̀ ilé-iṣẹ́ bá rẹ́rìn-ín sí i, á máa wá ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Àwọn tó wà nísàlẹ̀ òkè kò dákẹ́ ní tiwọn. Ara ń yún àwọn ọmọ wọn, inú ń run wọ́n. Ìyá Tíṣà kó wọn jọ ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta sínú kíláàsì kan ní ilé-ìwé rẹ̀, ó pe wolé-wolé, ó sì pe ilé-iṣẹ́ náà. Obìnrin agbẹnusọ kan ni wọ́n rán wá, ó kí gbogbo èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù.

“Ojúṣe gbogbo wa ni láti tọ́jú ayé yìí,” ló sọ. “Kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ nìkan. Ìdí nìyẹn tí a ò fi gbọ́dọ̀ máa ka ẹ̀sùn síra wa lẹ́sẹ̀ láìwádìí. A gbọ́ nípa aṣọ tó ń bà jẹ́. Ẹni tó ni kànga fúnra rẹ̀ ti sọ ohun tó fà á.”

Ó gba fáìlì lọ́wọ́ wolé-wolé, ó sì ka ìwé tí alágbàfọ̀ buwọ́ lù sókè: àìmọṣẹ́ òṣìṣẹ́ ni ó ń ba aṣọ jẹ́, kànga kò ní àléébù. Ó fi kún un pé wọ́n ti dá òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ìyàwó àbúrò alágbàfọ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó fi àkísà mímọ́ wé ọwọ́ méjèèjì. Kò gbójú sókè. Àwọn mìíràn ló yíjú wò ó.

“Bàbá,” ni Ìyá Tíṣà pe alágbàfọ̀, “ṣé ọwọ́ yín ló buwọ́ lu ìwé yìí?”

Ọkùnrin náà dìde.

“Ọwọ́ mi ni. Àmọ́ irọ́ ni mo buwọ́ lù. Omi yẹn ò dára. Ẹ wo ọwọ́ èmi náà.” Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí wọn, ó sì fa ìwé èsì omi yọ látinú àpò. “Ìwé tí wọ́n sì fún mi, wọ́n ti kọ ọ́ kí wọ́n tó fa omi. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára ẹ̀.”

“Àṣìṣe ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni,” ni wolé-wolé sọ, kò tilẹ̀ wo ìwé náà.

Agbẹnusọ rẹ́rìn-ín músẹ́, bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àgbàlagbà tó ṣìwí.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, kó lè yé mi: ìgbà wo lẹ purọ́? Ìgbà tí ẹ buwọ́ lù ú ni, àbí ìsinsìnyí?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kò sì sẹ́ni tó ti alágbàfọ̀ lẹ́yìn. Ó dúró níbẹ̀ títí wolé-wolé fi pa fáìlì dé, tí ó sì ní kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kọ̀wé sí ọ́fíìsì òun.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Ìyá Tíṣà fa ìwé kan jáde pé kí gbogbo wọn kọ orúkọ sí i, òun á bá wọn wá ọ́fíìsì tó ju ti wolé-wolé lọ. Ìwé náà ń ti bẹ́ǹṣì kan bọ́ sí èkejì. Nígbà tó dé ẹ̀yìn, ìyàwó àbúrò alágbàfọ̀ gbìyànjú láti di bíírò mú, bíírò já bọ́. Ó tún un mú, ó tún já bọ́. Alágbàfọ̀ lọ bẹ̀rẹ̀, ó sì mú un nílẹ̀.

“Jẹ́ kí n bá ọ kọ ọ́.”

Obìnrin náà ti ìwé náà sí i. Ọkùnrin náà kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ ilé rẹ̀. Ó dé ibi tí wọ́n ní kí èèyàn kọ iṣẹ́ sí, ó sì dúró.

“Iṣẹ́ wo ni kí n kọ?”

Obìnrin náà gbé ojú sókè wò ó, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé rẹ̀.

“Bọ̀dá, ẹ ti bá mi kọ ìyẹn nígbà kan, nínú ìwé wolé-wolé.”

Bíírò náà dúró lórí ìwé títí yíǹkì fi ṣe àmì kékeré síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé “alágbàfọ̀”, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì mọ̀ pé obìnrin náà lè máà fọ aṣọ mọ́ láyé.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí wọ́n jáde. Àwọn obìnrin ò tíì dáná, kò sì sí omi mìíràn, ni wọ́n bá gba ìsàlẹ̀ òkè lọ sídìí kànga wọn. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé wọn, ó fi ìgbọ̀nwọ́ kọ́ korobá, ọmọ rẹ̀ sì gbé okùn.