Ilẹ̀kùn Tí Bàbá Benedict Ń Tì

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi! Ọmọ mi ni mo gbé wá dúpẹ́."

"Mo ti lu agogo, mo ti tilẹ̀kùn. Ó ti lọ nìyẹn."

"Kí ló lọ? Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ń rìn ni?"

Rose ló ń sọ̀rọ̀. Láti Erinje ló ti gun ọ̀kadà wá sí ìjọ Aládùúrà tó wà ní Ìjù-Odò. Bàbá Benedict kò yẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má tíì bá a wí o! Ibùdókọ̀ rélùwéè Àgbádó ló ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀. Láyé ọkọ̀ ojú irin àtijọ́, òun ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, òun ló ń lu agogo, òun náà ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó láàárọ̀. Ẹni tó bá pẹ́, ó pẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ọkọ̀ tuntun dé, tí ilẹ̀kùn ń ti ara rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sinmi. Ó wálé sí Ìjù-Odò. Ìyàwó ti kú, àwọn ọmọ wà lókè òkun. Bílẹ̀ bá ti mọ́, òun àti ògiri ni. Agogo tí ìjọ gbé lé e lọ́wọ́ yìí nìkan ló ń mú èèyàn wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìyá Ìjọ Aníwúrà gbọ́ ariwo, ó fa ilẹ̀kùn ṣí láti inú, ó mú Rose àti ọmọ wọlé. Ó padà sẹ́nu ọ̀nà, ó nawọ́ sí Bàbá.

"Ẹ gbé agogo wá."

Benedict fa agogo mọ́ra. "Ẹ forí jì mí, Ìyá. Bí ẹ bá gbà á, kí ni mo fẹ́ máa jí ṣe?"

"Ta ló ń bá yín jà? Láti ìgbà tí ẹ ti ń lu agogo yìí, ẹ ò tíì bá wa jókòó rí. Ẹ ó tilẹ̀kùn tán, ẹ ó wá dá dúró síta."

Òótọ́ ni! Ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ìta ló ń wà. Ọkọ̀ á lọ, á wá ku òun nìkan. Gbogbo Àgbádó mọ agogo rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé ọkàn.

"Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níta," ló sọ.

"Nítorí kí ni?"

Bàbá wo inú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti ń kọrin nínú. Ó gbé agogo sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń wọlé níbẹ̀. Okùn náà kò tètè tú. Ìyá Ìjọ kò wọlé. Ó dúró dè é.