Ahọ́n-Kì-Í-Parọ́

Ọkọ mi ló ní ọbẹ̀ mi ò níyọ̀. Ẹ gbọ́ ná. Èmi tí mo ti ń dáná fún un látìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, èmi ni mi ò wá mọ bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́, á sì na ọwọ́ kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi sílẹ̀ fún un sí agolo iyọ̀. Inú á bí mi, màá palẹ̀ abọ́ mọ́ níwájú rẹ̀ kó tó jẹun tán.

Títọ́jú omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ kí àìsàn tó dé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ahọ́n-Kì-Í-Parọ́, torí pé bí àwọn bá ń ki bébà àyẹ̀wò bọ omi oníyọ̀, òun á kàn fi ìka kan omi náà, á lá a, á sì sọ bí iyọ̀ rẹ̀ ṣe tó. Kì í ṣì í. Àkọ́bí wa obìnrin, tó ni ilé tí à ń gbé, gbẹ́ irú adágún bẹ́ẹ̀ sẹ́yìnkùlé nítorí rẹ̀. Lórí ilẹ̀, bí kò bá di ọ̀pá mú, èjìká mi ló máa dì mú. Nínú omi tó mù ún dé àyà, ó ń dá rìn. Nọ́ọ̀sì tó ń bá a na ẹsẹ̀ ní kò gbọdọ̀ dá ìrìn inú omi náà dúró, pé bó bá dá a dúró, ó tán nìyẹn.

Ni omi bá bàjẹ́. Ó kọ́kọ́ ṣú, ó wá di àwọ̀ ewé, ògiri inú rẹ̀ ń yọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ wa lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ojú wọn pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ìyá wọn, àkọ́bí wa yẹn, ò fepo bọyọ̀ rárá: bí omi náà ò bá mọ́ kí òun tó padà wá ní Sátidé, yanrìn lòun máa ní kí wọ́n kó dí i. Mi ò bá a jà, ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dí i, níbo ni bàbá rẹ̀ á ti máa rìn?

Mo ki bébà àyẹ̀wò bọ omi. Iyọ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ̀rọ tó ń sọ iyọ̀ di kílóríìnì, èyí tó ń pa ìdọ̀tí inú omi, ti tan iná pupa, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, á dákẹ́ ni. Èmi ò sì bu iyọ̀ kankan sí i. Mo wo abẹ́ àga tí bàálé mi máa ń jókòó sí létí omi. Àpò iyọ̀ ibẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbófìfo, abọ́ kan wà nínú rẹ̀. Á tọ́ omi wò, á ní kò níyọ̀, á máa fi ọwọ́ kan yẹn bù ú sí i, abọ́ lé abọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ti yé mi. Àìsàn yẹn ti pa ahọ́n rẹ̀, òun alára ò sì mọ̀. Mo sunkún níbi tí mo lóṣòó sí. Mi ò sọ fún un. Ọwọ́ ti lọ, ẹsẹ̀ ti lọ, ṣé kí n wá gba ahọ́n náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Mo kó iyọ̀ pamọ́ sínú ilé pọ́ǹpù, mo sì tì í pa. Mo fa omi náà dànù dé ìdajì, mo fi omi ẹ̀rọ kún un. Mo ń ro ásíìdì, tó ń jẹ́ kí kílóríìnì ṣiṣẹ́ dáadáa, sí i díẹ̀díẹ̀ bí pọ́ǹpù ṣe ń yí omi ká, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha ògiri títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Nígbà tó di Jímọ̀, iná pupa ti kú, mo sì ń rí ìsàlẹ̀ omi kedere.

Ọmọ wa dé ní Sátidé, ó wo omi, ó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti tán. Bàbá rẹ̀ rìn bọ̀ nínú omi, ó lá ìka rẹ̀, ó ní omi náà mọ́ lóòótọ́ ṣùgbọ́n omi lásán ni, pé yóò tún bàjẹ́. Ó ní èmi ò mọ iyọ̀ mọ́, kí ọmọ wa lọ tọ́ ọbẹ̀ mi wò. Ọmọ wa bá ní kí n fi iyọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí n kó kọ́kọ́rọ́ ilé pọ́ǹpù fún Dádì.

Yanrìn ni mo ń rí. Mo ní rárá, ohun tí bébà bá sọ la máa ṣe. Ojú ọkọ mi yí padà.

“Ṣé bébà ló wá fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi? Ẹ bu omi yìí sínú ife kan, ẹ bu omi ẹ̀rọ sí èkejì. Màá dijú.”

Mo ní kó fi sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ọmọ wa ti lọ bù ú wá, ó rò pé eré ni.

Ó tọ́ àkọ́kọ́ wò. Ó tọ́ èkejì wò. Ó padà sí àkọ́kọ́, ó tún mu èkejì, ó fi yí ẹnu ká kó tó gbé e mì. Kò la ojú.

“Ìyá wọn,” ó ní, “èwo ni omi wa?”

Ọmọ wa ló yára dáhùn: “Èyí tó wà lọ́wọ́ yín ni, Dádì. Mo tọ́ ọ wò, iyọ̀ rẹ̀ hàn gbangba.”

Kò sẹ́ni tó dá ọ̀rọ̀ yanrìn sílẹ̀ mọ́. Omi náà ṣì mọ́ títí dòní, èmi ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì sẹ́ni tó ń rìn nínú rẹ̀. Bàálé mi ní òtútù ń mú òun. Kì í na ọwọ́ sí agolo iyọ̀ mọ́. Lánàá, mo mọ̀ọ́mọ̀ se ọbẹ̀ láìfi iyọ̀ kankan sí i, bóyá á bú mi. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ó dùn.