Ọwọ́ Òsì Jannat

Jannat kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí ọ̀kadà gbé e ṣubú lọ́nà ilé ìwé ní Èsìẹ́. Òjò ti sọ ojú ọ̀nà di yíyọ̀, ọlọ́kadà sì kó ọmọ mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn méjì yòókù bọ́ sínú koríko, wọ́n dìde, wọ́n nu ẹrẹ̀ ara wọn. Jannat ni ọ̀kadà náà ṣubú lé lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́ nítòsí ìgúnpá.

Àfísù, bàbá rẹ̀, tó ń fi mọ́tò kó èrò láti Èsìẹ́ lọ sí Òmù-Àrán, ló sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n to eegun náà, wọ́n fi ìdì funfun líle dì í. Nígbà tí wọ́n tú u, eegun ti so pọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ìka kò gbọ́ràn mọ́. Bó bá di síbí mú, síbí á bọ́. Dókítà ní iṣan kan ló fara gbọgbẹ́ níbẹ̀, ó lè padà sípò díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa bá a na àwọn ìka náà, kí wọ́n sì ní sùúrù.

Ọ̀gá ilé ìwé bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ó ní, “Ìyá Jannat, ẹ jẹ́ kó sinmi nílé títí ọdún ilé ìwé tuntun a fi wọlé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ̀wé, òun ò lè di ṣọ́ọ̀kì mú. Á kàn máa wò wọ́n lójú ni.”

Jàrátù, ìyá Jannat, kò jiyàn. Òun náà mọ̀ pé bí ọmọ náà bá ti gbúròó ọ̀kadà báyìí, ṣe ló máa ń sá wọlé, tí á lọ rọ̀ mọ́ aṣọ òun.

Gààrí ni Jàrátù ń yan tà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó wà nídìí agbada, àwọn ẹgbẹ́ Jannat ń ti ilé ìwé bọ̀, wọ́n ń fi a-bí-dí kọrin. Jannat jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá wọn kọ ọ́ láti ọ̀ọ́kán. Nígbà tí orin náà dé ibi lẹ́tà tí òun kò tíì kọ́, ó dákẹ́. Àwọn ọmọ náà kọrin kọjá lọ. Jannat wo ẹ̀yìn wọn títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé itan, ó ń wò ó.

Gààrí tó wà nínú agbada jóná díẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí Àfísù ń jẹun nírọ̀lẹ́, Jàrátù jókòó tì í. “Bàbá Jannat, mo fẹ́ máa kọ́ ọmọ yìí níwèé nílé.”

Àfísù gbójú sókè. “Ìwọ?”

“Èmi ni.”

“Jàrátù, mélòó lo mọ̀ nínú ìwé ọ̀hún?”

Kò sọ ọ́ láti fi bú u. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Jàrátù wà ní kíláàsì kẹta nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kò sì padà sílé ìwé mọ́. Ilé kéwú nìkan ló parí. Ó lè ka lẹ́tà kéwú, ó sì lè kọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá ṣí ìwé Yorùbá, díẹ̀ ló dá mọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dùn ún.

Ó ní, “Èyí tí n kò mọ̀, n ó lọ kọ́ ọ.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gba ilé Màmá Tíṣà lọ. Rhoda Bámigbóyè ni orúkọ ìyá náà. Kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ló fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́, kò sì sí àdúgbò kan ní Èsìẹ́ tí èèyàn ò ti ní rí ẹni tó kọ́ bí a ṣe ń di kálàmù mú. Nísinsìnyí ó ti fẹ̀yìn tì, ojú sì ti ń dùn ún. Nǹkan funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti rí lẹ́tà kà.

“Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Ọ̀rọ̀ ìwé ló gbé mi wá.”

“Ìwé ta ni?”

“Tọmọ mi, mà.” Jàrátù mí kanlẹ̀. “Àti tèmi náà.”

Màmá Tíṣà gbọ́ gbogbo àlàyé rẹ̀ láìjá lu ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Mo rò pé kò sẹ́ni tó tún máa wá bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Mi ò ríran kọ ọ́ sórí pátákó fún ọ o. Tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ.”

Jàrátù tẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìyá náà fi orí ìka kọ lẹ́tà sí i níbẹ̀, ó rọra ń fà á, ó sì ń pe ohùn rẹ̀ bó ṣe ń fà á. Ó ń rìn ín lọ́wọ́, Jàrátù sì rẹ́rìn-ín. Màmá Tíṣà ní, “Máa rẹ́rìn-ín. Ohun téèyàn fi ẹ̀rín kọ́ kì í tètè kúrò lórí. Ọwọ́ wo lọmọ náà ń lò báyìí?”

“Òsì ni, mà.”

“Kó fi òsì kọ ọ́. Ẹ máa na ọ̀tún bí dókítà ṣe wí, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó dè é. Má sì tíì fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Yanrìn ni kó kọ́kọ́ fi ìka kọ.”

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀, kí Jàrátù tó lọ sídìí gààrí, á kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Màmá Tíṣà. Ohun tó bá gbà láàárọ̀, á fi kọ́ Jannat nírọ̀lẹ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣíwájú ọmọ náà, lẹ́tà kan péré ni, nígbà míì wọ́n jọ ń dé ibẹ̀ pọ̀ ni. Ó fi asẹ́ ku yanrìn títí tó fi kúnná, ó dà á sínú àtẹ, ó tẹ́ ẹ. Jannat á fi ìka òsì kọ ọ́, á pe ohùn rẹ̀, á gbọn àtẹ náà, gbogbo rẹ̀ á parẹ́, á tún kọ òmíràn. Ó fẹ́ràn gbígbọn àtẹ náà ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nígbà míì, Jàrátù á gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ṣàìlera, á kọ lẹ́tà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, Jannat á di ojú, á sọ èyí tó jẹ́.

Nígbà tí wọ́n kúrò lórí yanrìn, Jàrátù mú wàláà, pátákó ìkọ̀wé tó lò nílé kéwú, jáde, ó fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣọ́ọ̀kì kọ lẹ́tà sí i. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Lẹ́tà Jannat ń kọjú sẹ́yìn. “Bí” ń di “dí”, “dí” ń di “bí”. Jàrátù gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ Màmá Tíṣà.

“Ọwọ́ ọ̀tún lo máa ń ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó o bá ń kọ ọ́ hàn án, àbí?”

Jàrátù la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ kéwú ló ṣe ń kọ Yorùbá.

“Ọwọ́ òsì ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ká máa bọ̀ sí ọ̀tún. Kó tẹ orí wàláà náà sí ọ̀tún díẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà máa pa ohun tó kọ rẹ́. Tó bá jẹ́ bí, ọ̀pá ló kọ́kọ́ ń dúró, ikùn á wá tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ dí, ikùn ló ń lọ níwájú, ọ̀pá ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní kó ṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì náà kéékèèké, kó lè jẹ́ ìka mẹ́ta ló máa fi dì í.”

Jannat fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ikùn yìí. Ó ń fi ikùn rẹ̀ ṣe bí, ó ń fi ṣe dí, ó ń rìn kiri àgbàlá.

Ọ̀sẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé Jàrátù fúnra rẹ̀ ló ṣì í. Ó pa e àti ẹ pọ̀ mọ́ra, ó kọ “ẹyẹ” láìfi àmì sí i nídìí, Jannat sì ń kà á bó ṣe rí i. Nígbà tí Màmá Tíṣà tún un ṣe, Jàrátù rò pé ọmọ náà kò ní fọkàn tán òun mọ́. Ó jókòó níwájú rẹ̀. “Jannat, èmi ni mo ṣì í. Àmì kékeré kan wà nídìí rẹ̀ tí mo gbàgbé.”

Jannat wò ó. “Ìyá mi, ẹ̀yin náà ń kọ́ ọ ni?”

“Èmi náà ń kọ́ ọ.”

“Ẹ má dààmú. Ẹ óò mọ̀ ọ́n.” Ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó fi àmì náà sí i fún ìyá rẹ̀.

Ìyá Àfísù ni ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́. Ìyá àgbà náà ń gbé ìyàrá tó kọjú sí tiwọn, ó sì nífẹ̀ẹ́ Jannat débi pé kì í lè wo ọwọ́ tó ṣẹ́ náà pẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó bá ọmọ náà nídìí wàláà.

“Ọwọ́ òsì! Ọmọ mùsùlùmí! Jàrátù, ṣé ọwọ́ tí wọn ì í fi kí àgbà lo fẹ́ kó máa fi kọ̀wé?” Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ òsì, ó kì í bọ ọ̀tún. Ìka Jannat tiraka dì í, ìka náà gbọ̀n, ṣọ́ọ̀kì bọ́ sílẹ̀. Ìyá àgbà mú un, ó tún kì í bọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún bọ́. Jannat bú sẹ́kún. Kó tó pẹ́, ìyá àgbà náà ń sunkún.

Jàrátù kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, Màmá. Èmi náà fẹ́ kí ọ̀tún padà. A ò tíì dáwọ́ nínà á dúró. Ṣùgbọ́n kó tó padà, kí ni kó máa ṣe?”

Ìyá àgbà fi etí aṣọ nu ojú, ó wọlé lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó fa Jannat lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Àfáà Àbúdùlàhí tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, ó fẹ́ kí Àfáà bá ìyàwó ọmọ òun wí. Àfáà gbọ́ tirẹ̀ tán, ó ní kí Jannat kọ nǹkan fún òun. Ọmọ náà tẹ wàláà sí ọ̀tún díẹ̀, ó fara balẹ̀, ó kọ orúkọ ara rẹ̀. Àfáà wò ó pẹ́.

Ó ní, “Màmá, mo ní àwọn ọmọ tó fi ọ̀tún kọ, tí ọwọ́ wọn kò rí báyìí. Tó bá fẹ́ kí yín, kó kúnlẹ̀, kó sì fi ẹnu kí yín. Ọwọ́ tí Ọlọ́run dá sí fún un ló ń lò. Ẹ bá mi kí ìyá rẹ̀.”

Ìyá àgbà kò jíṣẹ́ náà lẹ́sẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, òun ló ń ku yanrìn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tún un lò, òun ló sì gba iṣẹ́ nínà ìka Jannat láràárọ̀. Ó ń fi òróró pa á, ó ń ka lẹ́tà tí Jannat ń pè tẹ̀ lé e.

Ní gbogbo àsìkò yìí, iṣẹ́ mọ́tò ni Àfísù ń bá kiri. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó ń fọ mọ́tò rẹ̀ níwájú ilé, Jannat dúró sẹ́yìn mọ́tò náà, ó ń wo ohun tí oníbúrọ́ọ̀ṣì kọ síbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ó gbé ìka, ó ń tọ́ka sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

“O-pe... lo... ye... wa.” Ó yíjú padà. “Bàbá mi, kí ni ‘ope lo ye wa’?”

Kànrìnkàn bọ́ lọ́wọ́ Àfísù. “Kí lo wí?”

“Wọn ò fi àmì sí i nídìí. Ṣé ‘ọpẹ́ ló yẹ wá’ ni wọ́n fẹ́ kọ?”

Àfísù gbé e sókè, ó ń pe ìyàwó rẹ̀, ó ń pe ìyá rẹ̀, ó ń pe ẹni tó ń kọjá lọ. Ó ní kó tún un kà, Jannat tún un kà, ó sì tún sọ pé wọn ò fi àmì sí i. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Àfísù ti tọrọ ọ̀dà pupa díẹ̀ lọ́wọ́ oníbúrọ́ọ̀ṣì. Òun ló gbé ọmọ náà dání, Jannat sì fi ọwọ́ òsì fi àmì sí gbogbo ibi tó yẹ. Èkejì tóbi ju ìyókù lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ kó tún un ṣe.

Àfísù dúró ti Jàrátù nídìí gààrí. Ó ní, “Mo bi ọ́ pé mélòó lo mọ̀ nínú ìwé. Má bínú. O ṣeun, Jàrátù. O ṣeun gan-an.”

Nígbà tí ọdún ilé ìwé tuntun wọlé, Àfísù fúnra rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé Jannat lọ. Ọ̀gá ilé ìwé fún un ní ojú ewé kan, Jannat kà á, ó dúró níbi tó le, ó fi ìka tọ́ka sí i, ó pe ohùn rẹ̀, ó rékọjá. Ọ̀gá fún un ní kálàmù, Jannat fi òsì gbà á.

“Ta ló kọ́ ọ?”

“Ìyá mi ni. Àwa méjèèjì jọ ń kọ́ ọ ni.”

Wọ́n gbà á sí kíláàsì kan náà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Rótìmí, ọmọ Màmá Tíṣà tó ń gbé Èkó, wá sílé. Ó gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Ìlọrin, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un. Nígbà tí wọ́n padà dé, gbogbo ilé Àfísù ló lọ kí i. Àfísù gbé iṣu, ìyá àgbà gbé gààrí, Jannat gbé wàláà. Màmá Tíṣà wo Jàrátù láti òkè délẹ̀.

“Ìwọ rèé? Èmi ò mọ̀ pé o kéré tó báyìí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Jannat gbé wàláà fún un. Obìnrin náà gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó ń wo gbogbo lẹ́tà tí òun kọ́ wọn láìrí ọ̀kan nínú wọn rí. Ó pẹ́ níbi orúkọ Jannat. Ó pẹ́ níbi orúkọ Jàrátù, tí Jàrátù fúnra rẹ̀ kọ sí abẹ́ tọmọ rẹ̀.

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dàgbà jù níbẹ̀. “Rúùdà,” ó pè é ní orúkọ bí wọ́n ṣe ń pè é nígbà èwe, “mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. O ò ríran, o kọ́ ọmọ wa.”

Màmá Tíṣà fà á dìde. “Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Kí Jàrátù tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá láràárọ̀, mi ò ní ìdí tí mo fi ń tètè jí. Èmi gan-an ló yẹ kí n dúpẹ́.”

Wọ́n jókòó pẹ́. Màmá Tíṣà ní kí Jàrátù má dá ẹ̀kọ́ tirẹ̀ dúró, pé ìwé tó tóbi ju ti ọmọdé lọ ló kàn báyìí. Jàrátù ní òun máa wá lọ́la.