Ọjọ́ Tí Àáró Kan Ìyá Joel

Ní ọdún tí ìjọba fẹ́ ka orí gbogbo wa, àwọn kan wá sí Fídítì, wọ́n ń fi ẹfun kọ nọ́ńbà sára ilé. Nígbà tí wọ́n dé ilé Ìyá Joel, ilé tó gbẹ̀yìn pátápátá lójú ọ̀nà Ìmínì, ìyá náà ti gbé àga mẹ́ta síta dè wọ́n, ó ti bó ọsàn sínú abọ́. Wọn kò jókòó. Ọ̀kan kọ nọ́ńbà sí ògiri, èkejì ní, "Màmá, ẹ̀yin mélòó lẹ ń gbé níbí?"

"Èmi nìkan ni, ọmọ mi. Ẹ mú ọsàn."

Wọ́n mú ọsàn, wọ́n ń mu ún lọ lójú ọ̀nà, wọ́n ń tu hóró rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Joel dúró títí kò fi gbọ́ ohùn wọn mọ́, ó wá kó àga wọlé.

Ilé náà kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Nígbà tí Bàbá Joel wà láyé, bí ìyá bá ń lé orin lẹ́yìnkùlé, bàbá á máa gbè é láti inú yàrá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ dà bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Bàbá kú. Joel, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná. Ó ń wálé ní Kérésìmesì bí ààyè bá gbà á, ààyè kì í sì í sábà gbà á. Ohun tó kù lọ́wọ́ Ìyá Joel ni ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé tẹ̀tẹ̀ kì í gbe orin. Èèyàn á lé, á dákẹ́, á máa retí. Adìyẹ ni yóò dáhùn.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi wọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́gbà.

Ẹgbẹ́ náà kò tóbi. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́, ata àti tòmátì sẹ́yìnkùlé ni wọ́n. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Màmá Olúkáyọ̀dé, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ni olórí. Ìyá Ẹgbẹ́ ni gbogbo wọn ń pè é. Kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Bó bá ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ó bẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀yìn bá ń dùn yín, ẹ ó máa mí bó ṣe kọ́ àwọn aláboyún.

Àáró ni wọ́n ń ṣe. Sátidé kan nínú oṣù, gbogbo ẹgbẹ́ á gbé ọkọ́ àti àdá, ó di ọgbà ẹnì kan. Wọ́n á ro ó, wọ́n á kọ ebè, wọ́n á tún igi tí wọ́n fi ṣọgbà ṣe. Oṣù tó bá tẹ̀ lé e, ó di ti ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n ṣe tirẹ̀ ni yóò se oúnjẹ, òun náà ni yóò sì lé orin, torí ilé rẹ̀ ni. Bí tirẹ̀ bá ti kọjá, ó parí, ó di àmọ́dún.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹgbẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nígbà ọyẹ́. Garawa ló wà lórí gbogbo wọn lọ́jọ́ náà, wọ́n ń pọnmi sí ẹ̀fọ́, ètè wọn bó, wọ́n sì ń kọrin pẹ̀lú ètè bíbó. Ìyá Joel gbè débi pé ohùn rẹ̀ há. Nígbà tó délé, kò sí ẹni tí yóò fi ohùn híhá náà hàn, ó sì ń dá rẹ́rìn-ín.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, àáró kan Ìyá Joel. Níbi ìpàdé, lábẹ́ igi máńgòrò ṣọ́ọ̀ṣì, ó dìde, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sí ti Folúkẹ́ ná. Oyún rẹ̀ ti ga, kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Èmi ṣì lè dúró."

Folúkẹ́, aránṣọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an, Ìyá Joel. Bí mo bá bí ọkùnrin, Joel ni n ó sọ ọ́."

Obìnrin ló bí. Purity ló sọ ọ́.

Ó tún kan Ìyá Joel nígbà tí àgbàdo ń yọmọ. Ó ní kí wọ́n lọ sí ti Bàbá Obadiah, torí ẹsẹ̀ ń dun bàbá náà. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó rí ẹlòmíràn tí àánú rẹ̀ ṣe é. Gbogbo ẹgbẹ́ ń yìn ín. Wọ́n ní kò sí onínúure bíi tirẹ̀ láti Ìlọra dé Akinmọ́ọ̀rìn.

Kì í ṣe inúure nìkan o. Ẹ rí bí ọmọdé ṣe ń jẹun, tó ń ti ẹran sí ẹ̀gbẹ́ abọ́, tó ń jẹ òkèlè lásán, kí ẹran má bàa tán? Bí Ìyá Joel ṣe ń ṣe àáró tirẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá ṣì wà níwájú, ó ní ohun tó ń retí. Bó bá dùbúlẹ̀, ó ń to àwọn èèyàn sínú ọgbà rẹ̀: Ìyá Ẹgbẹ́ á wà nídìí ata, Folúkẹ́ á wà níbòójì kí oòrùn má pa ọmọ, Bàbá Obadiah á máa ráhùn nídìí ilá. Ó mọ orin tí òun yóò kọ́kọ́ lé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wá, tí wọ́n ti lọ, kí ni yóò tún kù?

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ láàárín ọdún, ẹgbẹ́ wọ mọ́tò lọ wo àwọn ọlọ́gbà ní Ìlọra. Wọ́n há mọ́ra wọn, èjìká Ìyá Joel kan ti ẹnì kan lápá ọ̀tún, ó kan ti ẹnì kan lápá òsì. Àwọn ará Ìlọra fi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbin òdòdó hàn wọ́n, wọ́n fi tòmátì tó tóbi tó ìkúùkù hàn wọ́n. Èjìká méjèèjì yẹn ni Ìyá Joel rántí.

Oṣù kọkànlá dé. Kò ku ẹnì kankan mọ́ àfi òun. Ó wá di tirẹ̀ tipátipá, inú rẹ̀ sì ń dùn, ó ń bà á lẹ́rù. Ó ti ra ẹ̀wà sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ ní ìṣe kan: kí Sátidé tó pé, wọ́n á rán ẹnì kan lọ wo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, kí wọ́n lè mọ irin iṣẹ́ tí wọ́n máa gbé. Folúkẹ́ ni wọ́n rán, ó pọn Purity wá. Ó dé ẹ̀yìnkùlé, ó dúró, ó wò yíká.

"Ìyá Joel, kí la fẹ́ wá ro níbí? Ilẹ̀ yìí mọ́ ju ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi lọ."

Òótọ́ ni. Kí ni obìnrin tó dá nìkan wà yóò máa ṣe láàárọ̀, bí kò bá ro ọgbà? Ojoojúmọ́ ló ń tu èpò, kí èpò náà tó yọ ewé méjì. Ebè rẹ̀ gún bí ìrun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Igi ìyeyè tó fi ṣọgbà yíká dúró ṣánṣán, ó fi okùn dì wọ́n pọ̀ dáadáa.

"Èpò díẹ̀ wà lábẹ́ ilá," Ìyá Joel ní.

Folúkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó wá a, ó fa ẹyọ kan tu, ó jù ú nù. "Mo ti bá yín ro ó tán."

Ó rẹ́rìn-ín, Ìyá Joel náà fi eyín hàn.

"Inú Ìyá Ẹgbẹ́ á dùn," Folúkẹ́ ní. "Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ti sún mọ́, ara ń ro gbogbo wọn. Wọ́n á ní kí àáró ọdún yìí parí síbẹ̀."

"Ẹ kò ní wá mọ́ nìyẹn?"

"Kí la fẹ́ wá ṣe, Màmá?"

Ìyá Joel lọ sídìí ẹ̀fọ́. Ó já gbúre, ó dì í fún Folúkẹ́, ó sìn ín dé ojú ọ̀nà. Ó padà sẹ́yìnkùlé, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọkọ́ tó fi ń ro èpò, òun náà ló fi ro àlejò dànù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ sídìí ọgbà igi ìyeyè, níhà ibi tí ewúrẹ́ àdúgbò ń gbà kọjá. Ó tú okùn. Ó yọ igi kan, ó yọ èkejì, ó yọ òmíràn, ó tẹ́ wọn sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ. Ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó gbọ́ tí àwọn ewúrẹ́ dé, tí ẹnu wọn ń dún kàpà-kàpà, ó bẹ̀rẹ̀ orin kó má bàa gbọ́ wọn. Orin tó bá wá sí i lẹ́nu ló ń kọ, orin ṣọ́ọ̀ṣì, orin ìdílé, àní orin ọmọdé. Ó ń lé e, ó ń gbè é, títí ọ̀sán.

Nígbà tó jáde, tẹ̀tẹ̀ ti di kùkùté. Ata ti ṣẹ́. Tòmátì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀. Ó dùn ún gan-an, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ó wọ bàtà, ó rìn lọ sí ilé Ìyá Ẹgbẹ́.

"Ewúrẹ́ ti jẹ ọgbà mi," ló wí. Kò sí irọ́ nínú ìyẹn.

Ní Sátidé, gbogbo wọn wá. Àwọn tí kì í wá pàápàá wá. Wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n gbé àdá, kálukú sì mú nǹkan láti ọgbà tirẹ̀: ọ̀kan fi ewé kókò di irúgbìn tòmátì, òmíràn mú ọ̀pá gbúre, Ìyá Ẹgbẹ́ ru ajílẹ̀ ìgbẹ́ adìyẹ wá fúnra rẹ̀. Ìyá Joel ń gbà á lọ́wọ́ wọn, kò lè wo ojú wọn.

Bàbá Obadiah fa ewúrẹ́ kan dé. Ó ní òun bá a nítòsí, ó so ó mọ́ igi ọsàn.

"Lónìí, a ó mọ ẹni tó ni ín," ló wí. "Olúwarẹ̀ á wí tẹnu rẹ̀ níwájú Baálẹ̀."

"Bàbá, ta ló rí i?" Folúkẹ́ bi í.

"Ṣé o kò rí ẹnu rẹ̀ ni? Tẹ̀tẹ̀ ló ń jẹ àpọ̀jẹ rẹ̀ yẹn."

"Ta ni kì í jẹ tẹ̀tẹ̀ ní Fídítì yìí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyá Joel lé orin:

*Ta ló lọ́gbà tá a fẹ́ ro?*
*Tiwa ni, tiwa ni.*
*Ta ló lẹ́fọ̀ọ́ tá a fẹ́ já?*
*Tiwa ni, tiwa ni.*
*Bí mo bá pè, ta ní ń jẹ́?*
*Àwa ni, àwa ni.*

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn yẹn kún ẹ̀yìnkùlé, ó dé ojú ọ̀nà. Ó lé e, ó tún un lé, ó fi ọ̀rọ̀ tuntun sí i kó má bàa tán. Ṣùgbọ́n ọwọ́ pọ̀. Kí ẹ̀wà tó rọ̀, wọ́n ti kọ ebè tán. Kí wọ́n tó jẹ ẹ̀wà tán, àwọn kan ti ń fi etí aṣọ nu ọkọ́ wọn, wọ́n ń bèèrè ẹni tó ń lọ sí apá ọjà.

Ọgbà igi ìyeyè ló kù tí wọ́n ń dì. Folúkẹ́ pe Ìyá Joel síbẹ̀, ó fi okùn kan hàn án.

"Màmá, ewúrẹ́ ń já okùn. Ó ń jẹ okùn. N kò rí èyí tó ń tú kókó rí."

Ìyá Joel ń wo okùn náà. 

"Ẹ̀yin lẹ tú u?"

"Èmi ni."

Folúkẹ́ wo ẹ̀yìnkùlé yíká. Ó rántí ilẹ̀ mímọ́ tó rí lọ́jọ́sí, ó yé e. "Ẹni tó bá ń fẹ́ àlejò, ó ń sọ ọ́ ni, Màmá. Kì í fi ọgbà rẹ̀ bọ́ ẹran."

"N kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́," Ìyá Joel ní. "Bàbá Joel wà nílé tẹ́lẹ̀. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí."

"Kò ṣòro. Ẹ ní, 'Ẹ jókòó.' Ó tán."

"Lórí ọ̀rọ̀ wo?"

"Kò lórí, kò nídìí."

Folúkẹ́ fi okùn náà di igi, ó lọ sídìí ọsàn, ó tú ewúrẹ́ sílẹ̀. Bàbá Obadiah figbe ta. Folúkẹ́ ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ó máa lọ. Mo ti bá a wí." Bàbá ráhùn, ráhùn, ó gbé àdá rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn tó ń lọ. Folúkẹ́ náà pọn Purity, ó wo Ìyá Joel lẹ́ẹ̀kan, ó lọ.

Ìyá Ẹgbẹ́ ló kẹ́yìn, ó ti gbé ọkọ́ lé èjìká. Ó ní, "Ó dàbọ̀ o. Àáró ọdún yìí parí. Ẹ bá wa dúpẹ́."

"Ìyá Ẹgbẹ́." Ìyá Joel tẹ̀ lé e. "Ẹ jókòó."

"Ṣé iṣẹ́ kù ni?"

"Iṣẹ́ ti tán."

"Ẹ̀wà ńkọ́?"

"Òun náà ti tán."

"Kí ló wá dé?"

"Kò sí nǹkan kan. Ẹ ṣáà jókòó."

Ìyá Ẹgbẹ́ wò ó bí agbẹ̀bí ṣe ń wo ẹni tó ní kò sí ibi tó ń dun òun. Ó wo ojú ọ̀nà, níbi tí àwọn yòókù ti ń jìnnà. Ó sọ ọkọ́ kalẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ń ro mí látàárọ̀," ló wí, "kò sí ẹni tó ní kí n jókòó."

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ dànù, ó sì bọ́ èkejì.