Ìdí Kẹtàlá

Agogo dún nígbà tí Ishaq ṣì ń kí alága.

"… Bàbá Ìsàlẹ̀ Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́jáde, Agbáṣàga, Aṣíwájú Onígbàgbọ́, Òpómúléró Òpópónà Sẹ̀mẹ̀ …"

"Àkókò ti tó," ni Àdùní tó di agogo mú wí.

"Pẹ̀lú ìwọ̀nba kókó tí mo sọ yìí," Ishaq sáré wí, "mo gbàgbọ́ pé mo ti là yín lọ́yẹ, mi ò sì da orí yín rú."

Ó tẹrí ba, ó jókòó. Kò tíì sọ kókó kankan. Gbọ̀ngàn hó yèè.

Zulaikha pàtẹ́wọ́ tirẹ̀ náà lórí pèpéle, ó ń dúró kí wọ́n pe òun. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ní ọjọ́ ìjiyàn ọdọọdún ilé ìwé náà, tó wà létí ọ̀sà ní Àgbádárìgì, ìṣẹ́jú márùn-ún rẹ ti ń lọ látìgbà tí o bá ti la ẹnu, ẹni tó bá sì fo oyè alága kan ṣoṣo, máàkì rẹ̀ lọ. Oyè alága ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún; ìṣẹ́jú ò kúrò ní márùn-ún. Nítorí náà ni kò fi sí ẹni tó tíì bá ẹnikẹ́ni jiyàn níbẹ̀ rí, tí àlàáfíà sì ń jọba.

Ti ọdún yìí ló wá lé kenkà. Alága, Olóyè Bólúwají, ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti Èkìtì wá kọ́lé sẹ́bàá òpópónà, ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ìwé kan jáde: Ìdí Méjìlá tí Ogun Abẹ́lé fi Jà ní Nàìjíríà. Àwòrán rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ìwé. Òun náà ló wà níwájú. Òun ló yan orí ọ̀rọ̀ ìjiyàn: kí ló fa ogun náà? Ó ní kí Ishaq, lọ́yà ọmọ oníṣòwò, gbèjà ìdí kìíní dé ìkẹfà, kí Zulaikha, olùkọ́ ìtàn, gbèjà ìkeje dé ìkejìlá. Ẹ̀gbẹ́ tó wù kó borí, ìwé Olóyè ló borí.

Níta, lẹ́nu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, píkọ́ọ̀pù Olóyè dúró, páànù tuntun kún ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn bí ẹni fẹ́ fi gbé ìyàwó. Ìjì òkun ló ká òrùlé yàrá ìkàwé lọ nígbà òjò tó kọjá. Látìgbà náà, inú àpò sìmẹ́ńtì ni ìwé ìtàn Zulaikha wà ní igun yàrá àwọn olùkọ́, àwọn kan sì ti ń hu olú. Lẹ́yìn ìjiyàn ni Olóyè máa gé ríbọ́ọ̀nù, kí káfíńtà tó gun òkè.

Ìdí nìyẹn tí Arábìnrin Ọláfúnkẹ́, ọ̀gá àgbà ilé ìwé, fi fa Zulaikha sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láàárọ̀.

"Zulaikha, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Kí Bàbá dáadáa, jẹ́ kí agogo dún, kí o wá jókòó. Páànù la wá gbà."

"Mo ti gbọ́, mà."

Ó sì ti gbọ́ lóòótọ́. Ó ti há gbogbo oyè yẹn sórí lẹ́sẹẹsẹ. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ó ti ka ìwé náà pẹ̀lú, ohun tí kò sí ẹlòmíràn nínú gbọ̀ngàn yẹn tó dán an wò. Ó kà á dé ìparí, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọnù. Nínú ìdí kìíní, Haúsá bẹ̀rù. Nínú ìkejì, Ìgbò kánjú. Òyìnbó ló wà ní ìkẹrin àti ìkarùn-ún, epo rọ̀bì ní ìkeje, ìkànìyàn ní ìkẹsàn-án. Ojú ewé kan péré ni Yorùbá ti yọjú, níbi tí wọ́n ti ń kórè kòkó, tí wọ́n ń rán ọmọ lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́.

Síbẹ̀, ó ti pinnu pé òun á kí i. Páànù ni páànù.

Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Bó ṣe ń kọjá níwájú alága, Olóyè fọwọ́ pè é mọ́ra, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọmọ mi, bá mi fi Akínrògún kún un. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ fi dá mi lọ́lá láàárọ̀ yìí ni."

"Akínrògún, sà? Ogun wo?"

"Ìwé yẹn náà ni, àbí?"

Ibẹ̀ ni sùúrù Zulaikha ti já. Ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú bàbá náà, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ kúu jókòó, sà." Ó dìde, ó kọjú sí gbọ̀ngàn. "Mo ti kí wọn tán o. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ogun."

Arábìnrin Ọláfúnkẹ́ káwọ́ lérí.

"Ìdí méjìlá ni Olóyè kọ. Haúsá ṣẹ̀, Ìgbò ṣẹ̀, Òyìnbó ṣẹ̀. Epo rọ̀bì tó jókòó jẹ́jẹ́ rẹ̀ nínú ilẹ̀ pàápàá ṣẹ̀. Àwa ńkọ́?"

"Àwa ń kàwé!" ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rín sọ.

"Ẹ ṣeun. Nígbà tí wọ́n dìbò ní Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1965, ta ló yí ìbò? Ta ló ń da bẹntiróò sára ọmọ ìyá rẹ̀, tó ń ṣáná sí i? Ìlú Òyìnbó ni Ìbàdàn wà ni? Nígbà tí àwọn ṣọ́jà máa kọ́kọ́ gba ìjọba, ṣé wọn ò nàka sí iná ilé wa?"

Ẹ̀rín ti tán.

"Mi ò sọ pé ìyẹn nìkan ni. Àwọn tí wọ́n pa ní Òkè Ọya, kí ẹnikẹ́ni má gbàgbé wọn. Àdéhùn tí wọ́n ṣe tí wọn ò mú ṣẹ, ẹ ka ìyẹn náà kún un. Ìpàyà wà níbẹ̀, ìwọra wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ohun tó fa ogun láti òkè dé ilẹ̀, tí kò kan ilé tirẹ̀, oríkì ló ń kọ, kì í ṣe ìtàn."

Olóyè dìde. "Ta ló rán ọ?"

"Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún ni, sà."

"O ò tíì kí mi!"

"Mo kúnlẹ̀, sà."

"Ìkúnlẹ̀ kì í ṣe oyè!"

Àdùní wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó tún un wò, bí ẹni pé aago náà ń purọ́. "Zulaikha," ó ní, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, "àkókò rẹ ṣì kù."

Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí níbẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń fi àkókò tó kù ṣe.

Olóyè kéde pé Ishaq ló borí, nítorí ìkíni rẹ̀ tó gún régé. Ishaq gba ife-ẹ̀yẹ, ó rìn kọjá lára ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Zulaikha, o ò dáa," ó sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. "Èmi ló yẹ kó bínú. Mo borí, ojú sì ń tì mí." Kò pẹ́ tí píkọ́ọ̀pù Olóyè fi jáde ní ọgbà, páànù ń pariwo gbàngàlà gbangala, ríbọ́ọ̀nù ń fẹ́ lẹ́lẹ́ tẹ̀ lé e.

"Wò ó bó ṣe ń lọ," ni Arábìnrin Ọláfúnkẹ́ wí. Omi ti lé sí i lójú. "Nígbà tí òjò bá dé, kí ni kí n sọ fún àwọn ọmọ yẹn?"

"Ẹ ní èmi ni mo fà á, mà."

"Ó tán, àbí?"

"Ó tán, mà. Orúkọ mi ni kí ẹ dá. Kò le láti sọ."

Ọ̀gá àgbà pòṣé, ó wọlé lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn kò lọ. Lábẹ́ igi àgbọn, níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti ń fẹ́, ìjiyàn tòótọ́ ti bẹ́ sílẹ̀, ìrẹsì ń tutù nínú kúlà.

"Ẹ má kó Èkìtì mọ́ ọn o," ni Rewájú, olùkọ́ ìṣirò, ń wí. "Àwọn ará Ìbàdàn ni."

"Ìbàdàn kẹ̀?" Ọláwọlé, ọmọ Ìbàdàn, fò sókè. "Ilẹ̀ wa ni wọ́n ti jà, ṣé àwa la jà á? Ẹ lọ bi àwọn Ìjẹ̀bú!"

"Ìjẹ̀bú ṣe kí ni?" ni Àdùní wí, ó fi agogo tọ́ka sí i. "Bàbá tèmi, ìwé ló ń tẹ̀ ní Ṣàgámù. Kò tilẹ̀ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò."

Zulaikha ń rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ kan bọ́ sí òmíràn bí iṣu gbígbóná ń dùn mọ́ ọn. Àdùní yíjú sí i.

"Ìwọ tó dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ ńkọ́? Àwọn tiyín ní Ajídò, níbo ni wọ́n wà?"

Èsì ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gùn ni wá. Orí omi la wà. Ẹja la ń pa, àwọ̀n la ń tún ṣe, àwọn baba wa ò mọ ọ̀nà Ìbàdàn. Ó jáde wá lọ́kàn rẹ̀ tónítóní, ó gún régé, kò sí ibi tó ti kọsẹ̀, bí ohun tí èèyàn ti há sórí láti kékeré.

Zulaikha gbé èsì náà mì.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Mi ò tíì bi wọ́n rí."