Ẹgbẹ̀ta Iṣẹ́ Tó Ń Kí Mi

Ní ilé wa ní Pápá Àjàó, ọmọ kì í jáde láìdágbére. Bó o bá ń lọ ra iyọ̀ lásán ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé, wàá kúnlẹ̀: "Màámi, mo ń lọ o." Bó o bá padà, wàá tún kúnlẹ̀: "Màámi, mo ti dé." Ẹ̀gbọ́n mi Shakirat nìkan ló lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1990, òun àti Màámi jà nítorí ọkùnrin kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a ò bá a lórí ẹní. Ìlú Òyìnbó la wá gbọ́ pé ó wà. Ó di ọdún méje, kò kọ̀wé. Kì í ṣe lílọ tó lọ ló ń dun Màámi jù. "Kò kí mi," ló máa ń wí, á sì máa wo ẹnu ọ̀nà.

Bóyá ìyẹn ló sọ èmi náà di ẹni tó ń fẹ́ ìkíni ní àfẹ́jù. Lọ́dún 1997, mo ń ṣe ìwádìí nípa ibà àti òjò ní yàrá kọ̀ǹpútà kan ní Yaba, níbi tí wọ́n ti fi wáyà so ẹ̀rọ mẹ́jọ pọ̀ kí wọ́n lè jọ pín ìṣirò ṣe. Ẹgbẹ̀ta iṣẹ́ kéékèèké ni mo kó fún wọn. Mo ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ ímeèlì sí mi bó bá bẹ̀rẹ̀, kó sì tún kọ bó bá parí. Bí ímeèlì kan bá ti wọlé, ẹ̀rọ iwájú mi á dún: tíín. Ẹ̀gbọ́n Ọláìtán, tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ náà, wò mí títí.

"Lateefah, ṣé o tún fẹ́ kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ ni?"

Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀rọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ṣe?

Ní ọ̀sán ọjọ́rú, òjò ń rọ̀, yàrá tutù, mo gbórí lé tábìlì. Mo sì rí wọn. Àwọn iṣẹ́ mi ń wọlé, ọmọ kéékèèké ni gbogbo wọn, ẹsẹ̀ wọn tutù, wọ́n ń kúnlẹ̀ níwájú mi. "Àǹtí, mo ń lọ o." Tíín. "Àǹtí, mo ti dé." Tíín. Mo ń dá wọn lóhùn, inú mi ń dùn, ṣùgbọ́n wọn ò tán. Wọ́n kún yàrá, wọ́n kún àtẹ̀gùn, wọ́n kún dé títì. Lẹ́yìn gbogbo wọn, nínú òjò, obìnrin kan dúró tòun ti báàgì rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń mì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní kí àwọn ọmọ yẹn dákẹ́, wọ́n ṣáà ń kí mi ni.

"Lateefah! Dìde jàre." Ẹ̀gbọ́n Ọláìtán ló fọwọ́ tọ́ mi. "Àpótí ímeèlì ẹ ti kún fọ́fọ́ láti Mọ́ńdè. Lẹ́tà méjì wá fún ẹ láti òkè òkun, ẹ̀rọ ti dá méjèèjì padà. Ta ni Shakirat?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wálé ṣe Iléyá ló gba àdírẹ́sì ímeèlì mi lọ, mi ò sì retí pé yóò lò ó. Mo mọ ẹ̀gbọ́n mi dáadáa. Yóò ti gbà pé àwa la kọ̀ láti gba lẹ́tà náà, pé Màámi ò fẹ́ gbọ́ ohùn òun. Bí wọ́n bá dá a padà lẹ́ẹ̀kẹta, kò ní kọ̀wé mọ́ láyé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ìkíni náà rẹ́. Bí mo ṣe ń pa mẹ́wàá, méjìlá ń wọlé. Omijé ń bọ́ lójú mi.

"Ìyẹn ò lè ràn ẹ́ lọ́wọ́," ni Ẹ̀gbọ́n Ọláìtán wí, ó sì fa àga jókòó. "Bí ẹbí bá lọ tọrọ ìyàwó, ṣé gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ ni? Ẹnì kan ló ń gbẹnu sọ. Jẹ́ kí ẹnì kan ṣojú wọn. Èyí tó bá ṣubú lọ́nà nìkan ni kó ké sí ẹ."

"Kí àwọn tó kù máa lọ láìkí mi?"

"Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ṣé wọ́n sá lọ ni?"

A yọ ìkíni ìbẹ̀rẹ̀, a yọ ti ìparí, a fi ìròyìn kan ṣoṣo sí ìrọ̀lẹ́. Yàrá náà wá dákẹ́ rọ́rọ́. Àdírẹ́sì ẹni tó kọ àwọn lẹ́tà náà ṣì wà nínú ẹ̀rọ, mo sì kọ̀wé sí i: "Ẹ̀gbọ́n mi, àpótí mi ló kún. A ò kọ̀ yín." Ní aago mẹ́rin, tí wọ́n máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí òkè òkun, wáyà tẹlifóònù gbé e lọ.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà méjì péré ni mo bá. Àkọ́kọ́ ní ẹgbẹ̀ta iṣẹ́ lọ, ẹgbẹ̀ta dé, kò sí èyí tó ṣubú. Ìkejì kò ju ìlà kan lọ.

"Lateefah, bá mi sọ fún Màámi pé mo ń lọ o."

Mi ò dúró kí òjò dá. Màámi jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo sì jíṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi gẹ́lẹ́. Ó di etí ìborùn rẹ̀ mú, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ohùn tó máa ń fi dá ọmọ tó ń lọ ra iyọ̀ lóhùn náà ló lò.

"Ó dàbọ̀," ló wí. "Sọ fún un pé kó má pẹ́ níbẹ̀ o."